Irùngbọ̀n Ìgbàgbọ́ ti Ovila Desrosiers

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run, ẹni tí ó dá ẹ̀mí Ọ̀gbẹ́ni Ovila Desrosiers sí títí di òní, tí ó sì fi í jíǹkí ìlú wa, Rivière-Grise, gẹ́gẹ́ bí ó ti fi ẹ̀gún jíǹkí Pọ́ọ̀lù, kí a má bàa gbé ara wa ga ju bí ó ti yẹ lọ. A dúpẹ́ fún ohùn rẹ̀, tí à ń gbọ́ láti òdìkejì odò. A dúpẹ́ fún ìmọ̀ rẹ̀ nípa họ́kì orí yìnyín, ìmọ̀ tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò ṣẹ́ kù fún ẹlòmíràn.

Àwa yòókù fẹ́ràn ẹgbẹ́ Àṣá, ẹgbẹ́ họ́kì ìlú wa; ní ti Ovila, òun gan-an ni ẹgbẹ́. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́, àsìkò ìsinmi tí ó wà láàárín abala kejì àti abala kẹta eré kan ni ìyá rẹ̀ bí i, kí ọmọ má bàa pàdánù ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó sì ti ẹnu rẹ̀ jáde kì í ṣe "màmá", "gòólù" ni. Láti ìgbà tí irun ti pé lórí àwa méjèèjì ni mo ti ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀ ní gbọ̀ngàn yìnyín. Mo ti gbọ́ ìtàn ìbí yìí ju ìtàn ìbí Olúwa wa lọ, ó sì ń dùn sí i lọ́dọọdún.

Ajókòó-ṣe-kóòṣì! Akígbe-kí-rọ́bà-wọlé! Ọkùnrin tí ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sẹ́yìn jẹ́sì! Bí àwọn ọmọ bá borí, Ovila a ní, "A borí." Bí wọ́n bá fìdí rẹmi, a ní, "Wọ́n fìdí rẹmi." Mo ti wá inú Ìwé Mímọ́ fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bẹ́ẹ̀ láti sá kúrò láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Pétérù nìkan ni mo rí, àkùkọ sì kọ fún Pétérù.

Nígbà tí yìnyín odò bá bẹ̀rẹ̀ sí fọ́, tí ìdíje ife ẹ̀yẹ bá dé, òfin kan wà ní ìlú wa tí a ń pa mọ́ ju Òfin Mẹ́wàá lọ. Ọkùnrin kankan kò gbọdọ̀ fi abẹ kan irùngbọ̀n rẹ̀ títí ẹgbẹ́ wa yóò fi gba ife, tàbí títí wọn yóò fi lé wa jáde. Agbẹjọ́rò, agégi, àní Fadá Magloire pàápàá, gbogbo wa a máa rí bí àwọn wòlíì tí ó ti aginjù dé. Ẹni tí ó bá fárùngbọ̀n nígbà tí ẹgbẹ́ ṣì ń jà ti gbẹ́ sàréè fún alààyè. Lọ́jọ́ tí ohun gbogbo bá parí ni a óò tò sí gbọ̀ngàn ìjọ, tí àwọn onígbàjámọ̀ yóò fá wa lọ́kọ̀ọ̀kan, yálà pẹ̀lú ẹ̀rín tàbí pẹ̀lú ẹkún.

Àwọn obìnrin náà ní ti wọn. Rosaire, ọkọ Ìyá Exilda Pouliot, ni ó ń da omi sí yìnyín gbọ̀ngàn náà nígbà ayé rẹ̀. Láti ìgbà tí ó ti sùn nínú Olúwa ni ìyàwó rẹ̀ ti ń ra àga méjì. Ó ń jókòó lórí ọ̀kan, ó ń gbé fìlà òwú ọkọ rẹ̀ lé èkejì, kì í sì í fọ fìlà náà títí ìdíje yóò fi parí. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àwọn ọmọ rẹ̀ ti ta ilé. Bí ìdíje bá ti parí, wọn yóò mú un lọ sí Vancouver, ní etíkun tí ó jìnnà jù lọ, kò sì ní padà mọ́. Gbogbo ìlú mọ̀ pé ìdágbére rẹ̀ ni ọdún náà.

Ọlọ́run sì gbé wa dé àṣekágbá. Ẹgbẹ́ Ìkookò ti Val-Corbeil ni a bá pàdé, ẹni tí ó bá sì kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹrin ni yóò gba ife. Àwọn Ìkookò fi ojú wa gbolẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta léraléra.

"Ó ti tán," ni Ovila wí ní ilé kọfí. "Àwọn ọmọ yẹn ò lẹ́jẹ̀ lára. Mo ti sọ fún kóòṣì."

"Níbo lẹ ti rí kóòṣì?" ni mo bi í.

"Mo kígbe sí i láti orí àga mi. Ó gbọ́."

Ìyá Exilda ń ki dónọ́ọ̀tì bọ inú kọfí rẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ovila, ọmọ mi, ọjọ́ mẹ́rin ni Lásárù lò nínú ibojì. Ó ti ń rùn pàápàá. Síbẹ̀ ó jáde. Àwọn tiwa ṣẹ̀ṣẹ̀ lo mẹ́ta ni."

"Màmá, Lásárù ò gbá họ́kì."

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nílé rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹnu Fleurette aya rẹ̀ ni a ti gbọ́ ọ lẹ́yìn náà. Ó bá ọkọ rẹ̀ níwájú dígí, ọṣẹ ti funfun dé etí.

"Bàbá Sylvie! Kí lẹ fẹ́ fi abẹ ṣe?"

"Lọ́la ni wọ́n máa sin wọ́n. Ṣé kí n wá máa tò lẹ́yìn àwọn agégi nítorí irùngbọ̀n? Ó ń yún mi."

"Bí wọ́n bá wá borí lọ́la ńkọ́?"

"Bí wọ́n bá borí lọ́la, kí irùngbọ̀n hù sí ìwọ lágbọ̀n!"

Ó sì fá a, àgbọ̀n rẹ̀ ń dán bí ẹyin.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn Àṣá borí. Fleurette fọwọ́ pa àgbọ̀n ara rẹ̀ wò kí ó tó sùn.

Wọ́n tún borí. Wọ́n sì tún borí lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹgbẹ́ méjèèjì wá di ọgbọọgba, ó ku eré kan ṣoṣo, gbọ̀ngàn tiwa ni yóò sì ti wáyé. Ìlú di Pẹ́ńtíkọ́sì. Ovila nìkan ni ó ń rìn káàkiri pẹ̀lú ìborùn òwú tí ó wé dé abẹ́ imú.

"Ọ̀fun ló ń dùn mí," ni ó ń wí. "Ariwo tí mo pa fún wọn ló fà á. Ṣé ẹ rí i bí a ṣe borí?"

"A" ti padà dé láti ìrìn àjò.

Nígbà náà ni alága ẹgbẹ́ kéde pé olólùfẹ́ tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò yẹ̀ ní ọjọ́ òkùnkùn ni yóò ju rọ́bà dúdú tí a ń gbá nínú họ́kì sílẹ̀ láàárín àwọn balógun ẹgbẹ́ méjèèjì, kí eré ìkẹyìn tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn Máàsì, ni a óò yàn án. Gbogbo ẹnu ni ó ń pe Ìyá Exilda. Mo rí ìyá náà tí ó ń fọwọ́ pa fìlà Rosaire bí ẹni pé ó ń sọ ọ́ fún un.

Ovila kò lè fara da á. Àwòrán ọlọ́lá náà yóò wà lára ògiri gbọ̀ngàn yìnyín títí ayé, ṣé ojú obìnrin ni yóò wà níbẹ̀? Ọwọ́ Fleurette ni kọ́kọ́rọ́ àpótí aṣọ eré Kérésìmesì ìjọ wà. Nígbà tí ó yí ẹ̀yìn padà, ọkọ rẹ̀ ṣí àpótí náà. Irùngbọ̀n Jósẹ́fù mímọ́ ni ó ń wá, nítorí onírẹ̀lẹ̀ ni òun pẹ̀lú. Èyí tí ó dúdú, tí ó sì kún jù lọ ni ó mú. Ó fi àtè lẹ̀ ẹ́ mọ́ àgbọ̀n.

Lọ́jọ́ Àìkú, a ń mu ọbẹ̀ ẹ̀wà ní gbọ̀ngàn ìjọ nígbà tí ó wọlé láìsí ìborùn. Ṣíbí dúró lẹ́nu.

"Ẹ bọ́ síbí, kí ẹ mu ọbẹ̀," ni Fadá Magloire wí.

"Mò ń gbààwẹ̀ fún ẹgbẹ́, Fadá." Nítorí ọbẹ̀ gbígbóná àti àtè kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ó gun orí àga. "Ará, nígbà tí wọ́n nà wá lẹ́ẹ̀mẹta, ta ló gbàgbọ́? Ẹ wo àgbọ̀n mi! Ènìyàn rere ni Ìyá Exilda, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n irùngbọ̀n tiwọn dà?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá Exilda gbé ojú sókè. "Ovila, èyí tó o ní lọ́jọ́sí ní ewú nínú."

"Ìgbàgbọ́ ló sọ ọ́ dúdú, Màmá. Ṣé ẹ ò ka Hébérù ni? Ìgbàgbọ́ ni ìdánilójú ohun tí à ń retí, ìjẹ́rìí ohun tí a kò rí!"

N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàpèjúwe irùngbọ̀n ara rẹ̀ pẹ̀lú òtítọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Alága, tí ọ̀rọ̀ Ìwé Mímọ́ máa ń tètè wọ̀ lára, fún Ovila ní ọlá náà. Ìyá Exilda ní, "Ó dára." Ó fa fìlà ọkọ rẹ̀ wọ orí ara rẹ̀, ó sì lọ sílé láìmu ọbẹ̀ rẹ̀ tán.

Alẹ́ eré ìkẹyìn dé. Wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa sórí yìnyín. Ovila jáde bí Sólómọ́nì nínú gbogbo ògo rẹ̀, ó ń ju ọwọ́ sí ọ̀tún, ó ń jù ú sí òsì. Iná àwọn ayàwòrán mú, òógùn bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn. Alága na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí i kí ó sọ gbólóhùn kan. Ó sọ mẹ́rìnlá.

"Èmi ò ṣiyèméjì rí!" ni ó fi parí rẹ̀.

Ó ju rọ́bà sílẹ̀. Balógun wa, Tommy Lachance, òmìrán ọmọ tí irùngbọ̀n pupa rẹ̀ dé àyà, bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó fún Ovila gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Lẹ́yìn náà ó gbá a mọ́ra, ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí wọ́n lè ya àwòrán tí yóò wà lára ògiri.

Ìfara-mọ́-ra náà pẹ́.

Ó pẹ́ ju bí ó ti yẹ kí ìfẹ́ pẹ́ lọ.

"Bàbá, ẹ fi mí sílẹ̀," ni Lachance wí. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣì wà lọ́wọ́ Ovila, gbogbo gbọ̀ngàn sì ń gbọ́.

"Rọra! Rọra! Má fà á, ó lẹ̀!"

"Kí ló lẹ̀?"

Àtè ni a fi ń mú ẹyẹ, àṣá ńlá sì ti kó sí i. Lachance fa orí rẹ̀ sẹ́yìn pẹ̀lú agbára. Ohùn kan jáde bí ìgbà tí aṣọ ya. Nígbà tí a óò fi ṣẹ́jú, balógun wa ti ní irùngbọ̀n méjì, Ovila kò sì ní ìkankan. Lórí amóhùnmáwòrán gàgàrà tí ó rọ̀ láàárín òrùlé, àgbọ̀n kan ń dán, ó fẹ̀ tó ilé.

Gbogbo ènìyàn gbé ojú sókè wò ó. Ohùn Fadá Magloire ni ó dún ketekete láti òkè:

"Yéè! Irùngbọ̀n Hẹ́rọ́dù wa nìyẹn!"

"Bàbá," ni Lachance wí, ojú rẹ̀ funfun, nítorí ẹ̀rù òfin irùngbọ̀n ń ba àwọn tí ń gbá họ́kì ju ẹnikẹ́ni lọ, "ẹ fá a? Nígbà wo lẹ fá a?"

"Mo rò pé ẹ ti kú tán ni!" ni Ovila kígbe, ẹ̀rọ sì gbé e dé gbogbo àga.

Ariwo tí ó sọ lẹ́yìn èyí, n kò ní lè kọ ọ́ sínú ìwé tí ọmọlúàbí yóò kà. Ẹnì kan ké pé, "Ẹ dá Hẹ́rọ́dù padà sí Jerúsálẹ́mù!" Àwọn Ìkookò pàápàá ń rẹ́rìn-ín, wọ́n fara ti ọ̀pá wọn. Àwọn tiwa kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wo yìnyín bí ẹni tí ó rí ikú.

Lachance gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ò ṣiyèméjì nínú ìlú yìí?"

Gbogbo ìka yí sí àga kan náà.

Lachance fi bàtà onírin rẹ̀ sáré lọ sí etí ògiri, ó nawọ́ sí Ìyá Exilda, ó sì mú un rìn lórí kápẹ́ẹ̀tì bí ẹni tí ó gbé ẹyin. Nígbà tí ó dé iwájú Ovila, ọkùnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì bo àgbọ̀n. Ìyá Exilda tú ìborùn ara rẹ̀, ó sì wé e mọ́ ọn lọ́rùn.

"Bo àgbọ̀n rẹ, ọmọ mi. Òtútù wà níbí. Rosaire ò fi ooru sí i."

Ó bọ́ fìlà Rosaire, ó gbé e sórí yìnyín tí ọkọ rẹ̀ ti tọ́jú fún ọjọ́ ayé rẹ̀, ó sì ju rọ́bà náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. 

A borí. Gòólù kan péré ni, ṣùgbọ́n Lásárù pẹ̀lú, ìpè kan péré ni ó jí i.

Àwòrán Ìyá Exilda ni ó wà lára ògiri nísinsìnyí, fìlà ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sì wà ní Vancouver, ó ń sọ fún etíkun pé àwa ni ó borí. Lálẹ́ ọjọ́ tí a gba ife, a tò sí gbọ̀ngàn ìjọ, a ń fárùngbọ̀n, a ń kọrin. Ovila Desrosiers dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, ó ń na aṣọ ìnura sí àwọn agégi lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé nínú gbogbo ọkùnrin Rivière-Grise, òun nìkan ni kò ní ohun tí a óò fá.

"Bàbá Sylvie," ni Fleurette pè é láti ìdí ìkòkò ọbẹ̀, "ẹ wá bá mi wo àgbọ̀n mi. Ó ti ń yún mi."

Kí Olúwa bùkún Ovila, kí ó sì pa á mọ́. Kí ó bùkún Fleurette, kí àgbọ̀n rẹ̀ máa dán títí ọjọ́ ogbó. Kí ó bùkún Sylvie àti àwọn ọmọ rẹ̀. Kí ilé wọn má ṣe aláìní iná nígbà òtútù tàbí ẹ̀rín nígbà ìtìjú. Bí ìgbà ìrúwé bá sì tún dé, kí irùngbọ̀n Ovila hù bí ti Áárónì, kí òróró ìfẹ́ ará ṣàn lórí rẹ̀ dé etí aṣọ, kí ó sì jẹ́ tirẹ̀. Àmín.