Kí Imú Mọ́tò Má Baà Kanlẹ̀

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Làtífù ti ń tukọ̀ lórí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí òun àti Mùsílímátù ìyàwó rẹ̀ ń wa mọ́tò lọ sí Kàdúná lọ́dọ̀ Hanifah ọmọ wọn, wọ́n yà sí Àbújá láti fi odidi ọjọ́ kan wo olú-ìlú. Làtífù ló ń wa mọ́tò. Kúlà ẹja yíyan wà lórí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mùsílímátù wà lẹ́yìn.

"Bàbá Hanifah, ẹ jẹ́ ká gbé kúlà yìí wá sẹ́yìn, kí n wá jókòó tì yín."

"Kò ṣeé ṣe."

"Kí ló dé?"

"Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀yìn ló ń wà, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi ẹ́ síwájú. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò, iwájú ló wà. Èmi náà wà níwájú. Bó o bá tún bọ́ síbí, imú mọ́tò á kanlẹ̀."

"Ẹja tó wà níwájú ńkọ́?"

"Ẹja ò wúwo."

"Èmi ni mo wúwo?"

Làtífù tẹjú mọ́ títì. Kò sí ẹnì kankan níwájú rẹ̀, síbẹ̀ ó tẹ họ́ọ̀nù.

Ẹ má dá obìnrin náà lẹ́bi. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ nínú ìrìnàjò yìí: kó jókòó ti ọkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, ìdí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi lọkọ ń wà, ìdí apẹ̀rẹ̀ ẹja níwájú lòun ń wà, igbe ni wọ́n sì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tó sọ fún un pé òun lóyún Hanifah, èrò mọ́kànlá ti kí i kú oríire tán kí ọkọ tó gbọ́. Ó dùn ún, ó sì ń dùn ún títí di òní.

Wọ́n dé Mọ́ṣáláṣí Àpapọ̀, wọ́n kírun ọ̀sán, wọ́n jáde.

"Ṣé ẹ rí òrùlé wúrà yẹn? Subhanallah!"

"Ó dáa. Níbo lọ̀sà wà?"

"Kò sí ọ̀sà ní Àbújá."

"Ìlú tí ò lọ́sà, báwo lèèyàn ṣe ń mọ ibi tóun kọjú sí?"

"Fóònù ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n."

"Bí fóònù bá kú ńkọ́?"

"Wọ́n á béèrè lọ́wọ́ èèyàn."

"Èèyàn yẹn ńkọ́, ta ló sọ fún un?"

Wọ́n wo àpáta Asórọ́ọ̀kì láti òkèèrè. Làtífù ní ó dáa pé kò sí nínú omi. Mùsílímátù ní kí àwọn jọ ya fọ́tò. Ọkọ ní kó sún díẹ̀ sápá òsì, kó sún sí i, kó tún sún sí i, kí òun àti àpáta lè dọ́gba. Nígbà tí wọ́n wo fọ́tò náà, èjìká Mùsílímátù kan ló yọ nínú rẹ̀.

Ní ago mẹ́rin, Làtífù fi fóònù wá omi. Wọ́n dé adágún Jábì.

"Bàbá Hanifah! Ṣebí ẹ ní ẹ máa mú mi lọ síbi tí ò sómi?"

"Mo ti mú ẹ lọ. A ti kúrò níbẹ̀. Ọkọ̀ yẹn, ibo ló ń ná?"

Mùsílímátù ka pátákó etí omi.

"Á yí po, á sì padà wá síbí."

"Kò gbé èrò lọ síbì kankan?"

"Rárá."

"Kò gbẹ́ja?"

"Fàájì ni wọ́n ń fi ṣe."

"Bí mo bá dán irú ẹ̀ wò fún èrò Ìkòròdú, wọ́n á lù mí."

Ó wọnú ọkọ̀, ó gba ìdí ẹ́ńjìnnì lọ tààrà. Atukọ̀ fọwọ́ kàn án léjìká, ó nawọ́ sí bẹ́ǹṣì. Ẹni méjì-méjì ni wọ́n ń jókòó níbẹ̀. Mùsílímátù, tó ti búra pé òun ò ní fẹsẹ̀ kan omi lónìí, rí àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Kíá ló ti wọlé.

Ọkọ̀ gbéra. Làtífù fi ọwọ́ méjèèjì di bẹ́ǹṣì mú.

"Kí lẹ dì mú bẹ́ẹ̀?"

"Mi ò mọ ẹni tó ń tukọ̀ yìí."

"Atukọ̀ ni."

"Kò wo ìjì."

"Kò síjì."

"Kí ló fi mọ̀, nígbà tí ò wò ó?"

Ó fẹ́ dìde. Mùsílímátù fà á jókòó.

"Ẹ má dìde! Ẹni bá dìde ló ń dojú ọkọ̀ dé. Ṣebí bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń wí férò?"

"Èmi ni mò ń wí i. Wọn kì í wí i fún mi."

Ó tún rọ̀ mọ́ bẹ́ǹṣì. Mùsílímátù gbá ọwọ́ rẹ̀ kan mú. Inú rẹ̀ dùn, kò sì fi pa mọ́.

"Ìyá Hanifah, ṣé báyìí lẹ̀rù ṣe ń bà ọ́ láti ọjọ́ yìí wá, níwájú ọkọ̀?"

"Lójoojúmọ́."

"O ò sọ fún mi."

"Mo sọ. Àwọn èrò gbọ́."

Wọ́n yí po, ọkọ̀ sì gbé wọn padà síbi tí wọ́n ti wọ̀ ọ́. Làtífù lọ tààrà sídìí mọ́tò, ó gbé kúlà sẹ́yìn, ó fi bẹ́líìtì dè é. Ó wá ṣí ilẹ̀kùn iwájú.

"Jókòó síbí."

"Imú mọ́tò ńkọ́?"

"Á kanlẹ̀. Jẹ́ kó kanlẹ̀."