Fìlà Baálẹ̀ àti Inú Àyìnkẹ́, Ọmọ Ológbò

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìdí-Ọsàn, tọmọdé tàgbà, ẹ gbọ́ o!

Ẹni tó ń rokà, kó fi ọmọ orógùn sílẹ̀. Ẹni tó ń jà, kó di ẹ̀wù ẹnìkejì rẹ̀ mú bẹ́ẹ̀, kó gbọ́ tán ná, kó tó máa bá ìjà lọ. Ẹni tó wà ní ṣáláńgá, kó fara balẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an ni agogo gbé wá!

Baálẹ̀ Ajíṣafẹ́ ló rán agogo yìí. Kò rán an nítorí owó orí. Kò rán an nítorí ojú ọ̀nà. Ìgbẹ́ ló rán an lé lórí! Agogo ní ìgbẹ́! Ìgbẹ́ Àyìnkẹ́, ọmọ ológbò ilé Baálẹ̀!

Kí àṣẹ tó jáde, ẹ jẹ́ kí agogo tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí irọ́ tó wà nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ti pọ̀ jù. Àwọn kan ń sọ ọ́ lódò pé Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ṣu sí fìlà ara rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ ara yín. Baálẹ̀ náà mọ̀ yín!

Gbogbo wa la mọ̀ pé eku ti sọ ilé Baálẹ̀ di ilé baba wọn. Wọ́n jẹ èlùbọ́. Wọ́n jẹ ọṣẹ. Wọ́n jẹ ìdí ṣòkòtò sányán, ó sì jẹ́ pé ọjọ́ àbẹ̀wò ni Baálẹ̀ tó mọ̀, nígbà tí atẹ́gùn fẹ́. Ni àwọn àna rẹ̀ ní Òkè-Ọdán bá fi ọmọ ológbò pupa kan ránṣẹ́. Kò tóbi ju àgbọn tí wọ́n ti bó lọ. Baálẹ̀ wò ó, ó yínmú.

Ó ní, "Pańpẹ́ eku lásán nìyí o, Ìyá Àlàní. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kẹ́ ẹ ní ilé yìí."

Ìyá Àlàní, aya rẹ̀, ní kò burú. Kò tíì jókòó tó fi rí i pé apá agbádá Baálẹ̀ ń mira. Pańpẹ́ ti wọ inú apá agbádá lọ sùn. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá wá kí Baálẹ̀, apá agbádá ni yóò kọ́kọ́ dá a lóhùn.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, Baálẹ̀ ní ẹ̀dá tó bá ń gbé abẹ́ òrùlé òun kò gbọdọ̀ wà láìlórúkọ. Ó ránṣẹ́ pe àwọn àgbà. Ọ̀tún Bámgbóṣé ló ṣáájú ètò, ẹ sì mọ Ọ̀tún, kì í ṣe nǹkan ní àbọ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n fi ń sọ ọmọ ènìyàn lórúkọ ló tò kalẹ̀. Oyin, ó tọ́ ọ sí ọmọ ológbò lẹ́nu. Iyọ̀, ó tọ́ ọ sí i. Epo pupa, ó tọ́ ọ sí i. Orógbó, Ọ̀tún bá a rún un lúbúlúbú, ó fi sí i lẹ́nu. Wọ́n pè é ní Àyìnkẹ́, ó wá kan atare. Bí atare ṣe kan ahọ́n, Àyìnkẹ́ sín lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo ilé sì pariwo pé, "Àmín! Àṣẹ!"

Ì bá mọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣà wa ni pé ẹni tó bá wá síbi ìsọmọlórúkọ kì í wá lọ́wọ́ òfo. Gbogbo ẹni tó wá ló gbé agolo mílíìkì dání. Wọ́n ní ọmọ kékeré ni, mílíìkì ló yẹ ẹ́. Bí wọ́n ṣe ń súre ni wọ́n ń dà á sí abọ́. Bí wọ́n ṣe ń dà á ni Àyìnkẹ́ ń lá a. Kí ètò tó parí, ikùn rẹ̀ ti rí bí ìlù tuntun.

Ẹ gbọ́ o! Ibẹ̀ ni ìgbẹ́ gbuuru ti bẹ̀rẹ̀!

Kì í kúkú ṣe pé wọn kò ṣètò ibi tí yóò máa ṣu sí. Bàsíà ìfọṣọ ńlá ni wọ́n bu yanrìn sí fún un. Wọ́n tún fi kàfúrà sínú yanrìn náà, kó lè máa ta sánsán. Ẹ̀yìnkùlé, nídìí jẹnẹrétọ̀, ni wọ́n gbé e sí. Àyìnkẹ́ kò ya aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ó gbìyànjú. Ó fò, ọwọ́ rẹ̀ kò tó etí bàsíà. Ó tún fò, ó wọlé, kàfúrà gbá a nímú. Ó fara dà á, ó lóṣòó, ni jẹnẹrétọ̀ bá ké gbàà! Kò sẹ́ni tó tún rí i níbẹ̀ mọ́.

Inú yàrá Baálẹ̀ ló sá lọ. Ó bá fìlà abetí-ajá lórí àpótí ìjókòó. Fìlà náà rọ̀. Ó mọ níwọ̀n. Kò pariwo. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Ti àkọ́kọ́, Ìyá Àlàní rọra fọ̀ ọ́, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ló fa wàhálà. Àwọn àgbà ti jókòó sí ìpàdé, Baálẹ̀ sì ti pẹ́. Ó sáré wọ agbádá, ó fa fìlà dé, kò wo inú rẹ̀. Ó jókòó, ó kó ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà odò sílẹ̀. Àwọn àgbà ń wo ara wọn. Eṣinṣin dé. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ohun kan wá ń ṣàn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí Baálẹ̀.

Ọ̀tún wúkọ́. Ó ní, "Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ fún wa. Òórùn kan ń kí wa níbí o."

Baálẹ̀ fọwọ́ kan etí. Ó wo ọwọ́. Àwọn obìnrin tó wà lójú fèrèsé ti sá lọ rẹ́rìn-ín nídìí ọsàn.

Ọ̀tún tún ní, "Abetí-ajá sì ni. Ìjà ológbò àti ajá ni, Baálẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀yin ló ń bá jà."

Inú wá bí Baálẹ̀. Ó dìde, ó búra níwájú gbogbo àgbà pé, "Bí èyí bá tún ṣẹlẹ̀, fìlà yìí àti ológbò yìí kò ní jọ sùn ní ilé mi mọ́. Ọ̀kan yóò jáde kí oòrùn tó wọ̀!" Àwọn àgbà ní kó rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìlú sì mọ̀ pé Baálẹ̀ kì í kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Lọ́jọ́ náà ni àwọn kan ti ń wá agbọ̀n tí wọn yóò fi gbé Àyìnkẹ́ padà sí Òkè-Ọdán.

Ẹ wá wo Baálẹ̀ lẹ́yìn ìbúra. Kò jẹun kúnná mọ́. Ó bu yanrìn sọ́wọ́, ó ń tẹ̀ lé Àyìnkẹ́ káàkiri ilé. Bí Àyìnkẹ́ bá lóṣòó, Baálẹ̀ a lóṣòó.

Ìyá Àlàní ní, "Olówó orí mi, ṣé pańpẹ́ lẹ ń tẹ̀ lé kiri báyìí?"

Ó ní, "Fìlà mi ni mò ń ṣọ́."

Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ gbuuru kò dá. Àyìnkẹ́ kò ṣeré mọ́. Ojú rẹ̀ jìn wọnú. Eku kan kọjá níwájú rẹ̀, kò tilẹ̀ gbórí sókè. Ìgbà yìí ni Baálẹ̀ kò lè fara dà á mọ́. Kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló gun ọ̀kadà, pẹ̀lú ọmọ ológbò nínú apá agbádá, ó di ọ̀dọ̀ Dókítà Ìwálewà, dókítà ẹran tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀.

Dókítà ní, "Baba, kí ló jẹ?"

Baálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Oyin. Iyọ̀. Epo. Orógbó. Nígbà tó dé orí atare, Dókítà jókòó. Nígbà tó dé orí mílíìkì, ó mú ojú kúrò lára Baálẹ̀, ó wo Àyìnkẹ́ tàánú-tàánú.

Ó ní, "Baba, ṣé ẹ fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ ni àbí ẹ fẹ́ sè é lọ́bẹ̀?"

Ó fún un ní oògùn aràn. Ó po oògùn mọ́ omi fún un, èyí tí yóò dá okun rẹ̀ padà. Ó tẹ̀ lé Baálẹ̀ wálé, ó wo bàsíà, ó gbóòórùn kàfúrà, ó ní májèlé ni kàfúrà jẹ́ fún ológbò. Ó wá bi àwọn àgbà pé, "Ta ni nínú yín tó lè ṣu nídìí jẹnẹrétọ̀?" Kò sẹ́ni tó nawọ́.

Ara Àyìnkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mókun. Ó tún ń lépa ìrù ara rẹ̀. Ó wá di òwúrọ̀ òní. Wọn kò tíì wá bàsíà míì. Baálẹ̀ wọ yàrá, ó bá ọ̀rọ̀ nínú fìlà. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta! Ariwo tó pa gbé gbogbo ilé dìde.

Ó ń pariwo pé, "Ẹ wá wò ó! Ó ti dì! Ó ti le! Ìyá Àlàní, wá wo ohun tí ọmọ yìí ṣe!"

Ó gbé fìlà káàkiri bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ìgbà tó dé iwájú Ọ̀tún ni Ọ̀tún rọra ní, "A bá yín yọ̀, Baálẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu yín ńkọ́?"

Baálẹ̀ wo fìlà. Ó wo Àyìnkẹ́. Àyìnkẹ́ ń lá ọwọ́ rẹ̀.

Ohun tí Baálẹ̀ sọ, ó ní kí agogo fi ṣe ìkẹyìn, torí ó mọ̀ yín: bí ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ ó túká. Nítorí náà, ẹ gbọ́ àṣẹ ná!

Àṣẹ kìíní! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún ọmọ ológbò ní mílíìkì inú agolo mọ́. Inú rẹ̀ kò gbà á! Omi tó mọ́ ni kó máa mu, nígbà gbogbo! Ẹni tó bá rú òfin yìí, òun ni yóò mu mílíìkì náà tán pẹ̀lú epo àti atare, a ó sì ti ṣáláńgá rẹ̀ pa!

Àṣẹ kejì! Ẹ lè sọ ológbò lórúkọ. Ẹ kò gbọdọ̀ tọ́ nǹkan kan sí i lẹ́nu. Bí ètò kò bá lè ṣàì ní ìtọ́wò, Ọ̀tún ni yóò tọ́ ọ wò nípò rẹ̀. Ọ̀tún ti gbà. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n parí ọ̀rọ̀.

Àṣẹ kẹta! Oúnjẹ tí ọmọ ológbò mọ̀ ni kó máa jẹ. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa po tuntun mọ́ tàtijọ́. Agogo ní díẹ̀díẹ̀!

Àṣẹ kẹrin! Ohun tí yóò máa ṣu sí, kí etí rẹ̀ kúrú. Yanrìn lásán ni kó wà níbẹ̀. Kí ibẹ̀ dákẹ́, kó sì jìnnà sí abọ́ oúnjẹ. Ẹ máa kó o láràárọ̀, kẹ́ ẹ sì fọ ọwọ́ yín! Ẹni tó bá tún fi kàfúrà sí i, yóò fi kàfúrà ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn lọ sọ́jà. Bí Àyìnkẹ́ bá sì ti lóṣòó, a ó pa jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wá wo bọ́ọ̀lù nílé Baálẹ̀, bí iná bá lọ nígbà tí wọ́n fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n, ẹ má kùn. Ẹ bá a tọrọ ìrọ̀rùn.

Àṣẹ karùn-ún! Ẹ má lù ú. Ẹ má fi imú rẹ̀ nu ìgbẹ́. Inú ló ń run ún, kì í ṣe àfojúdi! Ẹni tó bá ṣe é, ẹ̀yin náà mọ ibi tí a ó fi imú tirẹ̀ nù.

Àṣẹ kẹfà, èyí kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ o! Bí ìgbẹ́ gbuuru kò bá dá, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, bí ọmọ ológbò kò bá jẹun tí kò sì ṣeré, ẹ má pèpàdé. Ẹ gbé e lọ bá dókítà lójú ẹsẹ̀. Ara rẹ̀ kéré, okun rẹ̀ kì í pẹ́ tán. Baálẹ̀ gun ọ̀kadà. Ta ni ìwọ?

Ó wá ku ìkẹyìn. Ẹ sún mọ́ ibí.

Baálẹ̀ ní òun sọ ọ́, òun kò sì kó o jẹ. Òun ní ọ̀kan yóò jáde. Òun kò dárúkọ èwo. Kí oòrùn òní tó wọ̀, fìlà abetí-ajá yóò jáde kúrò ní ilé Baálẹ̀! Abẹ́ igi ọsàn ni yóò máa gbé, pẹ̀lú yanrìn nínú rẹ̀, Àyìnkẹ́ ló ni ín títí ayé. Kí gbogbo ìlú jáde wá kí fìlà pé ó dàbọ̀. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, òun ni yóò máa kó yanrìn rẹ̀. Ẹni tó bá rí orí Baálẹ̀ ní òfìfo lọ́la, kó wolẹ̀, kó kí i, kó má bèèrè.

Agogo ti já ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Etí tó gbọ́, kó ròyìn fún etí tó sùn. Ibi tí wọ́n ti rán an ló ń padà sí.

Ọ̀tún Bámgbóṣé, agogo kò ní lọ láìsọ èyí fún yín: Àyìnkẹ́ ti jáde o, ọ̀nà ilé yín ló sì dorí kọ. Ẹ di fìlà yín mú!