Gílíà Inú Fìlà Olúgbádé

Olúgbádé Ọláwuyì, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, ará Ìbàfò, di Ọ̀jọ̀gbọ́n ní oṣù Kejì ọdún 2006. Kò sí yunifásítì kankan tó gbọ́ sí i. Oníṣẹ́ ọ̀dà tó kun pátákó iwájú ilé rẹ̀ ló fi oyè náà jẹ ẹ́: Ọ̀jọ̀gbọ́n Arántí-má-tàsé.

Abala ìwé ìròyìn kan tí wọ́n fi di àkàrà fún un ní Mowé ló fa gbogbo rẹ̀. Ó kà níbẹ̀ pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń jẹ́ gílíà. Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti kà wọ́n sí lẹ́ẹ̀ lásán tó di ọpọlọ mú, àmọ́ ó ti wá hàn pé wọ́n ń kópa nínú ẹ̀kọ́ àti ìrántí. Epo ti bo ìyókù. Olúgbádé kò wá ìyókù lọ. Ó se ilá, ó da oyin sí i, ó rọ ọ́ sínú ìgò, ó pè é ní Ìrántí Típẹ́típẹ́.

Ó gbé e lọ sí ìpàdé àwọn òbí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìbàfò. Bí wọ́n bá gbà, gbogbo ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde yóò máa mu ún láràárọ̀, wọn yóò sì kọ orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n sára ògiri gbọ̀ngàn. Ògiri yìí gan-an ni kò jẹ́ kó sùn láti ọjọ́ mẹ́ta.

Ìbíwùnmí, tíṣà báọ́lọ́jì, dìde. "Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ni iṣẹ́ gílíà?"

"Ó ń lẹ ìwé mọ́ ọpọlọ."

"Rárá o, sà. Wọ́n ń bọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù, wọ́n ń palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́ fún wọn, wọ́n sì ń jẹ́ kí wọ́n lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ dáadáa nígbà tí ọmọ bá ń kẹ́kọ̀ọ́. Ilá ò débẹ̀. Ikùn ló ń parí ìrìn àjò rẹ̀ sí."

Àwọn òbí rẹ́rìn-ín. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní àríyànjiyàn ò sí lọ́rọ̀ òun, àfihàn ló wà. Ó ní kí ọgbọ̀n ọmọ kíláàsì àṣejáde tò bí wọ́n ṣe máa ń dáhùn orúkọ láràárọ̀, kí wọ́n pe orúkọ wọn lẹ́ẹ̀kan péré, òun yóò sì tún un pè láìṣì ọ̀kan. Wọ́n pè é tán. Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣí fìlà, ó ní ooru ń mú òun, ó ń fi í fẹ́ra, ó sì ń yọjú wo inú rẹ̀.

"Olúwatóbilọ́ba. Mùízz. Jésùlayọ̀mi. Àsmá'ù..."

Àtẹ́wọ́ ti ń ró. Ó dé orí ọmọ kejìlá nígbà tí Bàbá Mùsáfírù, alága àwọn òbí, ẹni ọgọ́rin ọdún, tẹ̀pá wọlé. Ilé ìwà ni wọ́n ti tọ́ Olúgbádé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìwé kan bọ́ jáde nínú fìlà ọwọ́ rẹ̀, ó balẹ̀ síwájú bàtà Bàbá.

Bàbá ní ojú òun ò ríran mọ́, kí tíṣà bá òun kà á. Ìbíwùnmí ka orúkọ ọgbọ̀n ọmọ, ní títò bí wọ́n ṣe wà nínú ìwé kíláàsì. Lẹ́yìn náà ló ka ìlà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá:

"Má gbàgbé: gílíà ni wọ́n ń jẹ́."

Ẹ̀rín bo gbogbo gbọ̀ngàn náà.

"Olúgbádé," ni Bàbá wí, "ṣé ìwọ náà ń mu oògùn yìí?"

"Mo ń mu ún, sà," ló dáhùn láti ilẹ̀. "Láràárọ̀."

"Ó dáa. Dìde, má mu ún mọ́."

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyàwó rẹ̀ rán an létí pé wọ́n ń retí àfihàn kejì ní Ifọ̀. Olúgbádé ní òun ò rántí pé òun ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Àmọ́ fóònù ti gbé ọ̀rọ̀ dé Ifọ̀, àwọn ará ibẹ̀ sì rántí dáadáa: Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀, kí Ọ̀jọ̀gbọ́n má sì dé fìlà wá.