Ta Ló Ni Àforíjì Yìí?

Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá tó jẹ́ pé èmi akọ̀wé ààfin ni wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, èmi yìí kan náà sì ni wọ́n fẹ̀sùn kàn. Mo bi Kábíyèsí bóyá ó bójú mu bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ṣé a ní akọ̀wé mìíràn ni. Mo ní rárá. Wọ́n ní kí n jókòó, kí n máa kọ.

Kẹ́ ẹ lè mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni mí. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí èèyàn ṣe ń sọ ohun tí ẹlòmíràn sọ: bí a ṣe ń kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde, àti bí a ṣe ń fi "ó ní, ó ní" gbé e kalẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo máa ń wá bá ààfin kọ̀wé. Níbi iṣẹ́ méjèèjì, Ọ̀gá Ó-Ní ni wọ́n ń pè mí. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe oríkì.

Ṣúmékà àdúgbò wa ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Gọ́ọ̀mù bàtà ṣì lẹ̀ mọ́ gbogbo ìka rẹ̀.

"Kábíyèsí, wọ́n jà mí lólè."

"Kí ni wọ́n jí?"

"Ẹnu mi ni."

Ọ̀tún, tó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀, wò ó títí. "Èyí tó o fi ń pariwo yìí ńkọ́?"

"Bàbá, tíṣà yìí fi ẹnu mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyàwó mi! Èmi! Èmi tí mi ò bẹ ẹnikẹ́ni rí látìgbà tí wọ́n ti bí mi!"

"Ṣé ìyàwó gbà?"

"Ó gbà! Ìyẹn ló burú jù. Ó ti ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà wálé, ó ń se oúnjẹ, ó ń pè mí ní olówó orí òun. Ọjọ́ mọ́kànlá la fi ṣe bíi tọkọtìyàwó tuntun. Ìjẹta ló wá ní, 'Ọ̀rọ̀ dáadáa tẹ́ ẹ rán sí mi yẹn, ẹ tún un sọ kí n fi etí ara mi gbọ́.' Mo ní, 'Ọ̀rọ̀ wo?'"

Gbogbo ìgbìmọ̀ ló mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ti gbéyàwó rí.

Onídìrí, ìyàwó Ṣúmékà, kò dúró kí wọ́n pe òun. "Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Ẹ wo àpótí aṣọ mi lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ yẹn. Tí ọ̀rọ̀ yẹn kì í bá ṣe tirẹ̀, láti ibí ni mò ń gba ilé ẹ̀gbọ́n mi lọ, mi ò sì padà mọ́ láéláé."

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Ṣọ́ọ̀bù kan la jọ ń lò, kọ́tìnì la fi là á. Ó na ọwọ́ gba abẹ́ kọ́tìnì, ó fa wáyà díráyà mi yọ nígbà tí orí kọ́sítọ́mà ṣì tutù, ó ki ti ẹ̀rọ tó fi ń ha bàtà bọ ojú iná. Mo pariwo. Ó ní, 'Jẹ́ kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ráyè ṣiṣẹ́. Orí olórí lò ń fi ṣeré níbẹ̀ yẹn.' Mo kó díráyà mi, ó di ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí wá ni tíṣà wí fún ọ?"

Onídìrí di ojú. Ó kà á bí ọmọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. "Ó ní ọkọ mi ní ẹ̀bi òun ni. Ó ní iṣẹ́ mi kì í ṣe eré. Ó ní látìgbà tí mo ti lọ, ṣọ́ọ̀bù dákẹ́ débi pé òun rán bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún méjì fún ẹnì kan ṣoṣo. Ó ní òun dójú tì mí láwùjọ, nígbà tí mo dìde tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ní tó bá ṣeé yí padà ni, òun ì bá jókòó jẹ́ẹ́ kí n sọ ọ́ tán."

Ọ̀tún fi fìlà nu ojú.

"Àwùjọ wo?" Ṣúmékà fò sókè. "Kọ́sítọ́mà méjì péré ló wà níbẹ̀!"

"Èmi náà rò ó títí," Onídìrí wí. "Àmọ́ ó dùn mọ́ mi. Mo ní kó máa lọ bẹ́ẹ̀."

Kábíyèsí yíjú sí mi. "Akọ̀wé, gbé bírò sílẹ̀. Ṣé o sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kábíyèsí, wọ́n rán mi níṣẹ́ ni, mo sì jẹ́ ẹ."

"Ṣé bí wọ́n ṣe rán ọ lo ṣe jẹ́ ẹ?"

Níbi tí olóye èèyàn ti máa ń dọ̀bálẹ̀ nìyẹn. Èmi tún kọ́là mi ṣe, mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́.

"Kábíyèsí, nínú ìwé tí mo fi ń kọ́ni, bí èèyàn bá ń sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, dandan ni kó yí nǹkan padà. 'Lónìí' á di 'ọjọ́ yẹn'. 'Níbí' á di 'níbẹ̀'. 'Èmi' á di 'òun'. Tí wọ́n bá fún mi láṣẹ pé kí n yí ọjọ́ padà, kí n yí ibi padà, kí n yí èèyàn pàápàá padà, ṣé ìbínú nìkan ni mi ò wá gbọ́dọ̀ yí padà?"

"Wọ́n ń fi ìwé yẹn kọ́ ọmọdé?" Ọ̀tún bèèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Abájọ."

"Kí ló ní kó o sọ gan-an?" Kábíyèsí wí.

"Ó ní, 'Ẹ sọ fún un pé ẹ̀bi mi ni.'"

"Irọ́ ńlá!" Ṣúmékà kígbe.

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Ọkùnrin kan tó ń dúró gba bàtà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí wọ́n rán mi níṣẹ́ ni. Ó ń rìn bọ̀, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń yà kúrò lọ́nà.

"Kí ló ṣe ọ́ lẹ́sẹ̀?" Kábíyèsí bi í.

"Bàtà ni, Kábíyèsí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni méjèèjì."

"Ta ló rán an?"

"Òun náà ni. Ọjọ́ kẹta tí ìyàwó rẹ̀ kúrò nílé."

Ṣúmékà wo ilẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wo Ṣúmékà.

"Ṣé o gbọ́ tó ní ẹ̀bi òun ni?"

"Mo gbọ́ ọ, ketekete."

Mo ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lábẹ́ irùngbọ̀n mi.

"Ó sì parí síbẹ̀?"

"Rárá o. Ó ní, 'Ẹ̀bi mi ni pé mo fẹ́ agbéraga obìnrin.'"

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Kábíyèsí gbé ọwọ́ sókè. "Akọ̀wé, apá kejì ńkọ́?"

"Kábíyèsí, ibi tí ọ̀rọ̀ ti dára ni mo ti já a."

"Ẹlẹ́rìí, ṣé inú ló ń bí i nígbà tó ń sọ ọ́?"

"Inú ń bí i gidi gan-an. Ó ń sunkún."

"Èwo nínú méjèèjì?"

"Ìbínú ni, Kábíyèsí. Àmọ́ omi ń jáde lójú ẹ̀."

"Gọ́ọ̀mù ni!" Ṣúmékà wí. "Gọ́ọ̀mù bàtà máa ń ta èèyàn lójú!"

Wọ́n bèèrè bóyá ẹlẹ́rìí kù. Obìnrin kan dìde láti ẹ̀yìn. Ìyàwó mi ni.

"Kábíyèsí, èmi ni orí tó wà nínú díráyà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ tí tíṣà wá jíṣẹ́. Kò wò mí, kì í sáà wo orí obìnrin. Onídìrí pa díráyà kó lè gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán sí i. Èmi náà bá a gbọ́."

"Ṣé bí Onídìrí ṣe kà á náà ni?"

"Ó fo ibì kan. Tíṣà ní, 'Ó ní ọdún méjì rèé, òun ò sùn dáadáa.' Kábíyèsí, ọ̀sẹ̀ kan péré ni Onídìrí fi kúrò nílé ọkọ rẹ̀."

Gbogbo ìgbìmọ̀ yíjú sí mi.

"Ọdún méjì sẹ́yìn," ìyàwó mi wí, "àwọn òbí ọmọ iléèwé ní kí n kí àwọn àlejò káàbọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ̀rọ̀ yẹn sórí lédè Gẹ̀ẹ́sì, nídìí sítóòfù, nídìí aṣọ tí mò ń fọ̀. Mo sọ gbólóhùn kejì, ọkọ mi dìde láàárín àlejò, ó tún un ṣe fún mi. Mo sọ ìkẹta, ó tún ìyẹn náà ṣe. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo jókòó. Títí dòní, mi ò tíì sọ ọ́ tán."

"Kò sì bẹ̀ ọ́?"

"Ó rán ọmọ wa sí mi. Ó rán àbúrò rẹ̀. Ó rán ọ̀gá iléèwé. Ó kọ lẹ́tà sí mi láti pálọ̀ sí kíṣìnì. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ní òun ṣẹ̀ mí."

Òótọ́ ni. Mo ṣì rántí pé lẹ́tà náà ò ní àṣìṣe kankan.

Kábíyèsí àti ìgbìmọ̀ forí korí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yanjú. "Ṣúmékà, ṣé o fẹ́ kí a gba ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lẹ́nu rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Kábíyèsí. Gbogbo rẹ̀ pátá."

"Ó dáa. Akọ̀wé, pa á rẹ́."

Mo mú bírò, mo fa ìlà kan. Onídìrí lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé àpótí rẹ̀.

"Ẹ dúró!" Ṣúmékà na ọwọ́. "Ṣé gbogbo rẹ̀ náà lẹ máa pa rẹ́ ni?"

"Èwo lo fẹ́ kí á fi sílẹ̀?"

"Ẹ fi… ti bàtà yẹn sílẹ̀. Bàtà ṣẹlẹ̀ lóòótọ́."

Onídìrí gbé ẹsẹ̀ kan kọjá ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ fi ti eré náà sílẹ̀! Iṣẹ́ ni, kì í ṣe eré! Ẹ fi ibi tó ní ẹ̀bi ni sílẹ̀!"

"Ẹ̀bi ta ni?"

"Ẹ̀bi mi. Ẹ̀bi mi ni, ìyàwó mi. Gbé àpótí sílẹ̀."

Ó gbé e sílẹ̀. Kábíyèsí ní kí Ṣúmékà fi orí ara rẹ̀ gbé e padà sílé, kó sì máa jókòó sábẹ́ díráyà fún wákàtí kan lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kó lè mọ̀ bóyá eré ni.

"Ó wá ku ti àwùjọ," Kábíyèsí wí. "Ṣúmékà ò dójú ti ẹnikẹ́ni láwùjọ. Akọ̀wé, ta ló ni ìyẹn?"

Mo dìde. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ sísọ. Mo la ẹnu. "Kábíyèsí, wọ́n ní…"

"Ta ni wọ́n?"

"Mo ní kí n sọ pé…"

"Yọ 'mo ní' kúrò. Má sì wo ojú mi, èmi kọ́ ni ìyàwó rẹ."

Mo yíjú sí i. Gbogbo ìwé tí mo ti kà sá kúrò lórí mi. Mo ní, "Èmi… lọ́jọ́ yẹn… jọ̀ọ́."

Ìyàwó mi ká ọwọ́ sáyà. "Tíṣà, gbólóhùn yẹn ò pé. Ẹ tún un sọ."

Ilé rẹ́rìn-ín. Gbogbo ilé pátá. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu, ìgbà yẹn ni mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ibi tí mo fi obìnrin yìí jókòó sí láti ọdún méjì.

"Èmi ni mo dójú tì ọ́," mo wí. "Ọ̀rọ̀ rẹ dára. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo gbọ́n ni. Jọ̀ọ́, ìyàwó mi, dárí jì mí."

Kábíyèsí dájọ́. Wọ́n ní kí ìyàwó mi dìde, kó kí ìgbìmọ̀ káàbọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ sórí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ní kí èmi dúró lórí ẹsẹ̀ mi, kí n kọ ọ́ sínú ìwé ààfin bó ṣe ń ti ẹnu rẹ̀ jáde, kí n má sì tún ohunkóhun ṣe. Lẹ́tà kan tí mo bá yí padà, oṣù kan ni màá fi gbálẹ̀ ààfin.

Ó sọ ọ́. Kò gbàgbé ẹyọ kan. Ní gbólóhùn kẹrin, ó ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó parí, ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́ fún un, Ọ̀tún tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan ló pàtẹ́ tirẹ̀ jù.

Lẹ́yìn náà, ó wá sí ibi tábìlì mi. Ó ní kí a máa lọ sílé.

Rárá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe yẹ. Ó ní, "Ẹ dìde, Ọ̀gá Ó-Ní. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé wa."