Pẹngúìnì Gbọdọ̀ Ní Okùn Lọ́rùn

Ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èèyàn lọ sí erékùṣù Bruny ti pẹ́, òtútù sì ń gé etí àwọn tó dúró ní èbúté Kettering. Ibẹ̀ ni Gavin Threlfall, mínísítà nínú ìjọba tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò tó ìdajì ilé aṣòfin, ti ṣe kòńgẹ́ Lorna Bantick, olórí alátakò, ẹni tó kọ́ ọ ní ìwé kíkà nígbà tó wà lọ́mọdé. Ìpàdé kan náà làwọn méjèèjì ń lọ bá àwọn ará erékùṣù náà ṣe. Ọ̀la ni ilé máa dìbò bóyá kí ìjọba máa bá iṣẹ́ lọ tàbí kó kógbá wọlé, oorun kò sì kun Gavin mọ́.

Lorna bu tíì fún un látinú fúláàsì rẹ̀. Kó tó fi ẹnu kàn án, ìyá náà ti ń sọ pé ìjọba wọn kò ṣe òfin gidi kan láti ìgbà tí wọ́n ti gorí àga.

"Tíṣà, ẹ bá wa sọ òótọ́," ni Gavin wí. "Àbá wo la gbé wá tí kò dòfin?"

"Ọ̀fìn ni wọ́n dà. Ẹni tó bá tẹ̀ lé wọn, inú kòtò ló ń lọ."

"Ẹ̀yin lẹ gbẹ́ kòtò náà. A ní ká kọ́ èbúté tuntun síbí yìí. Ẹ yọ 'kọ́' kúrò, ẹ fi 'rò ó wò' sí i."

"Ṣé ẹ ti rò ó?"

Gavin mu tíì díẹ̀. "Ìgbìmọ̀ ń rò ó lọ́wọ́."

"O rí i pé òfin náà ń ṣiṣẹ́."

Lorna wá béèrè òfin ajá, èyí tó yẹ kó dáàbò bo àwọn ẹyẹ pẹngúìnì. Ojú Gavin fà ro, torí òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ.

"Ohun tí mo kọ ni pé, 'Ajá tó bá dé etíkun pẹngúìnì gbọdọ̀ ní okùn lọ́rùn.'"

"Àwọn alájá bínú. Wọ́n ní ìbò, pẹngúìnì ò ní."

"Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe gé ajá àti etíkun kúrò. Ohun tó wá kù ni, 'Pẹngúìnì gbọdọ̀ ní okùn lọ́rùn.'"

Lorna gbójú síbòmíràn, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. "Ìwọ náà sì dìbò fún un?"

"Tíṣà, òfin wa ò pọ̀ débi tá a ó máa ṣà á."

Ọkọ̀ ti ń yọ lókèèrè. Gavin rọra béèrè ohun tó ti ń gbé mì látàárọ̀: "Ṣé ẹ máa lé wa lọ lọ́la?"

"Kí n lé yín, kí wọ́n wá gbé ìjọba fún mi? Ta ní í pa màlúù tó ń fún un ní wàrà?"

Gavin kò mọ̀ bóyá èébú ni tàbí ìgbàlà. Ó yàn láti dúpẹ́.

Lorna gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. "Dá ọpẹ́ dúró ná. Mo ṣì ń lọ sọ fún àwọn ará erékùṣù ní ìpàdé yẹn pé ìjọba rẹ ò gbọdọ̀ rí ọ̀la."