Ta Ló Ni Ọmọ Odó?

Iṣu ti jinná lórí iná Aminatou ní Bantè. Bàbá ọkọ rẹ̀ ti ṣanwọ́ tán, wọ́n ti jókòó, wọ́n ń retí iyán. Àfi ọmọ odó tó pòórá! Wọ́n ní Kamilath ọmọ rẹ̀ ló gbé e lọ síléèwé, ni Aminatou bá sáré dé kíláàsì rẹ̀. Àwọn ọmọ ti jáde lọ ṣeré. Mẹ́tìrì Valentin, olùkọ́ wọn, nìkan ló wà láàárín ìgbálẹ̀, ìkòkò, agbọ̀n àti ọmọ odó tí àwọn ọmọ kó wá láti ilé fún ẹ̀kọ́ lórí ọ̀rọ̀-orúkọ.

"Mẹ́tìrì, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ odó wa nìyẹn."

"Ọ̀rọ̀-orúkọ ni, Ìyá Kamilath."

"Nílé tiwa, a fi ń gúnyán ni."

"Ní sẹ́mínà tí mo lọ ní Savalou, wọ́n ní ọmọdé gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kó tó mọ orúkọ rẹ̀."

"Wọ́n ti fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kí èmi náà fọwọ́ kàn án, iṣu ń tutù!"

Mẹ́tìrì gbá ọmọ odó mọ́ àyà.

"Òfin kíláàsì ni: ẹ ó kọ́kọ́ dárúkọ ẹni tó ni ín. Orúkọ èèyàn pàápàá, ọ̀rọ̀-orúkọ ni. Ta ló ni ín?"

Aminatou fọwọ́ bo ẹnu. Ìyàwó ilé wo ló ń la ẹnu pe orúkọ bàbá ọkọ?

"Bàbá ilé wa ni."

"Bàbá pọ̀ ní Bantè."

"Bàbá tó ń gbin iṣu lọ́nà Pira."

"Iṣẹ́ nìyẹn. Orúkọ ni mo bèèrè."

"Orúkọ wọn àti ti ọkọ Ganiath aránṣọ, ọ̀kan náà ni."

"Kí wá lorúkọ ọkọ Ganiath?"

"Háà! Mẹ́tìrì, ẹ fẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé!"

"Kamilath pè é láàárọ̀, ketekete: Idrissou!"

Aminatou fọwọ́ di etí méjèèjì.

"Yéè, mo gbé! Ọmọ ilé ni Kamilath, aya ilé lèmi. Tí mo bá pè é pẹ́nrẹ́n, gbogbo obìnrin ilé á fi mí kọrin."

"Ọ̀gá láti Savalou ń bọ̀ wá wò wá lọ́la. Mi ò lè fi òfin ṣeré."

Inú wá bí Aminatou wàyí. Ó tún ìró rẹ̀ ró gírígírí.

"Ó dáa. Ẹ̀yin kì í ṣe aya ilé. Ẹ gbé e, ká jọ lọ. Ẹ dúró níwájú arúgbó tébi ń pa, ẹ má fi 'bàbá' kún un o, ẹ pe orúkọ wọn lásán, kẹ́ ẹ wá sọ fún wọn pé ẹ ti fi ọmọ odó wọn kọ́ ọmọ níwèé, iyán ò sí."

Mẹ́tìrì wòkè, ó wolẹ̀. Ó rọra gbé ọmọ odó lé e lọ́wọ́.

"Ẹ bá mi kí wọn o."

"Kí n kí ta ni?"

"Ẹ̀yin ìyá yìí, ẹ lọ gúnyán!"