Àlàájì Wọ Ilé Òkú

"Ṣé páàkì náà rèé?"

Bí Àlàájì Fàtáì ṣe kí mi lẹ́nu géètì nìyẹn. Kò sí ẹ kú iṣẹ́, kò sí ẹ ǹ lẹ́. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo pátákó wa tí wọ́n kọ "Ayé Fàájì" sí bí ẹni tó ń wo ẹran tó ti ń rùn lórí àtẹ.

"Ní Dùbáì," ó ní, "géètì nìkan, èèyàn á rìn ín títí á fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú."

Mo ní ẹ kú ìrìn, sà. Kí ni kí n tún sọ?

Lójú rẹ̀, "wọ́n" ni mo máa ń pè é o. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ohun tí mo fojú mi rí lọ́jọ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní "ó" nínú ìtàn yìí.

Èmi Sodiqat, tíkẹ́ẹ̀tì ni mo ń tà ní ọgbà ìgbafẹ́ yẹn, èmi náà ni mo ń mú àlejò kiri. Oko ẹ̀gẹ́ ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, lójú ọ̀nà Ilé-Ogbó, bí èèyàn bá ń jáde ní Ìwó. Ọ̀gá wa Adéyẹmọ ló wo fídíò àwọn ọgbà òkè òkun lórí fóònù, ó rí i pé wọ́n máa ń pín tiwọn sí oríṣiríṣi ìlú: ibì kan á dà bí ilẹ̀ yìnyín, ibì kan á dà bí igbó, ibì kan á máa dẹ́rù bani. Ó ní òun náà á pín tòun. Ó sì pín in lóòótọ́. Ẹ̀gẹ́ ṣì ń hù láàárín wọn.

Ìlú mẹ́rin ló yẹ kó wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá wa fẹ́ rẹ́ ilé rẹ̀, yanrìn kò tó, ó bá lọ kó yanrìn Íjíbítì. Bí Íjíbítì ṣe parẹ́ nínú Ayé Fàájì nìyẹn.

Ó wá ku Ìlú Yìnyín, Igbó Kìnnìún, àti Ilé Òkú.

Ilé Òkú yìí ni wàhálà wà. Abdulhafeez ni òkú ibẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, ó kàwé, ó ní ìwé ẹ̀rí, iṣẹ́ ló wá tí kò rí. Ó máa ń wọ aṣọ dúdú tí wọ́n fi funfun ṣe egungun sí lára, á fi ìbòjú agbárí borí, á fara pamọ́ sínú òkùnkùn. Bí ẹ bá ti wọlé, á fò yọ: "Hàààààà!" Ẹ̀yin náà á sì sáré jáde. Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Ṣùgbọ́n Hafeez ń fẹ́ Raheemah, ọmọ Àlàájì Fàtáì yìí kan náà.

Àlàájì kì í fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ṣeré. Ọmọkùnrin kan ti wá fẹ́ Raheemah rí, tó ń ṣe àwàdà lórí tíkitọ́ọ̀kì. Àlàájì ní kó ṣe ọ̀kan kí òun wò ó. Ó ṣe é. Àlàájì wò ó parí, ó ní, "Ilẹ̀kùn nìyẹn." Nítorí náà, nígbà tí Àlàájì bi Hafeez léèrè iṣẹ́, ẹ̀rù bà á, ó ní Ọ̀gá Àgbà Ẹ̀ka Ìgbàlejò lòun ní Ayé Fàájì.

Ọ̀gá Àgbà kẹ̀! Ẹ̀rín ń pa mí!

Àlàájì ní kò burú, òun á wá wo ibi iṣẹ́ náà kóun tó fún un lésì. Kò sọ ọjọ́. Ọjọ́ Sátidé yìí ló kàn já wọlé, tòun ti Raheemah, tó ń jẹ gúgúrú lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Mo sáré gbé fóònù, mo pe Hafeez kí n lè sọ fún un pé kó sá.

"Kírìrìrì! Kírìrìrì!"

Fóònù Hafeez ló ń dún lórí tábìlì mi. Ó ti fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi láti àárọ̀. Aṣọ òkú kò ní àpò.

"Ọ̀gá Àgbà Ẹ̀ka Ìgbàlejò dà?" Àlàájì bi mí.

"Wọ́n wà ní mítíìnì, sà."

"Mítíìnì pẹ̀lú ta ni?"

"Pẹ̀lú... àwọn tó ti ṣáájú wa lọ, sà."

Ó mi orí. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé kí n mú òun kiri títí mítíìnì á fi parí.

Mo kọ́kọ́ mú wọn lọ sí Ìlú Yìnyín. Yàrá ńlá kan ni, a kùn ún ní funfun, a da òwú sílẹ̀, a so éèsì méjì mọ́ ògiri. Kìkì pé iná ti lọ láti àárọ̀, ọ̀gá wa sì ní jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ àfi bí àlejò bá pọ̀. Bí Àlàájì ṣe wọlé, òógùn bò ó. Òwú lẹ̀ mọ́ ọn nírùngbọ̀n.

"Yìnyín yìí gbóná o," ó ní.

"Yìnyín ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, sà."

Ó wò mí. Ó tu òwú dànù lẹ́nu.

"Ẹ máa ṣeré. Yìnyín ti Dùbáì, imú mi ló dì! Mi ò lè mí! Dókítà méjì ló fi omi gbígbóná yọ́ ọ."

"Ẹ kú ewu, sà."

Ó di Igbó Kìnnìún. Kìnnìún oníke kan ló wà níbẹ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà nínú ikùn rẹ̀. Nígbà tí a débẹ̀, òbúkọ àdúgbò ti gun orí rẹ̀, ó ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì.

"Hùùùùnnn!" ni kìnnìún ké.

Òbúkọ kò tiẹ̀ gbójú sókè. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan sọ òyìnbó jáde nínú ikùn kìnnìún náà pé bátìrì òun ti fẹ́ tán. Kò sí kìnnìún mìíràn láyé tó ń bú ramúramù tó tún ń bẹ̀bẹ̀ fún ṣájà.

"Ti Èkó ńkọ́?" Àlàájì ti tún bẹ̀rẹ̀. "Kìnnìún Èkó wo ojú mi, mo wo ojú ẹ̀, òun ló kọ́kọ́ gbójú sílẹ̀! Ti Ìbàdàn ńkọ́? Igbó Ìbàdàn ṣókùnkùn débi pé mo kí ìrun alẹ́ lọ́sàn-án gangan!"

"Subuhánálláhì," mo dáhùn. Bí ibẹ̀ bá dùn tó bẹ́ẹ̀, kí ló gbé e wá sọ́dọ̀ tèmi?

Mo ní ó tán o, sà, ẹ jẹ́ ká lọ mu mínírà tútù lẹ́nu géètì. Mo ti yí wọn padà tán nígbà tí Raheemah la ẹnu, tòun ti gúgúrú.

"Bàbá, ó ku ibì kan. Ilé Òkú nìyí níbí."

Mo ṣẹ́jú sí i. Mo tún ṣẹ́jú sí i. Ó ń jẹ gúgúrú rẹ̀ lọ. Mo ní háà, ọmọ yìí kò mọ̀! Hafeez ti parọ́ fún òun náà!

"Ẹ má wọbẹ̀ o, sà," mo ní. "Ẹ̀rù wà níbẹ̀ gan-an."

Àṣìṣe tí mo ṣe nìyẹn.

"Ẹ̀rù?" Àlàájì fọwọ́ lu àyà, gbì! "Èmi? Èmi tí mo sùn nínú ilé òkú Dùbáì! Mo sùn! Mo ń han-run! Àwọn òkú ibẹ̀ ló ní kí wọ́n bá àwọn jí mi, pé mi ò jẹ́ kí àwọn gbádùn!"

Ó ká agbádá sí èjìká, ó wọlé. Mo tẹ̀ lé e. Raheemah ní òun á dúró síta.

Inú ibẹ̀ dúdú bí ikùn ìkòkò. Iná tọ́ọ̀ṣì pupa kan ṣoṣo ló wà ní igun. Òwú aláǹtakùn ń gbá wa lójú.

"Hùn," ni Àlàájì ń sọ. "Òkùnkùn lásán. Ti Dùbáì—"

"HÀÀÀÀÀÀÀ!"

Hafeez fò yọ láti ẹ̀yìn pósí. Ọwọ́ lókè, eyín síta. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n gan-an, ọkàn mi fò.

Àlàájì kò mira. Kí n má parọ́, kò mira rárá. Ó wo òkú náà látòkè délẹ̀.

"Ṣé ìyẹn náà ni?"

Ìgbà náà ni iná pupa yẹn kan ojú Àlàájì, Hafeez sì rí ẹni tí òun ń dẹ́rù bà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa ní Ìwó. Bí ọkùnrin bá rí bàbá ọmọ tó fẹ́ fẹ́, àyà rẹ̀ á ti kan ilẹ̀ kí ọpọlọ rẹ̀ tó mọ̀ sí i. Kò ní rántí pé òun ń bẹ lẹ́nu iṣẹ́. Kò ní rántí pé òkú lòun.

GBÌ!

Òkú dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Àlàájì!"

"Kú ìrọ̀lẹ́ o, ọmọ mi," Àlàájì dáhùn. "Ilé ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa, sà."

"Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfí—"

Ó dúró.

Ó wo ilẹ̀. Ó wo egungun tó nà gbalaja síbẹ̀. Mo rí i tí fìlà rẹ̀ ń gbéra díẹ̀díẹ̀ lórí. Òkú tó ń pariwo, ẹnikẹ́ni lè rí ìyẹn. Òkú tó ń kí èèyàn ní Àlàájì, tó ń dọ̀bálẹ̀, tó ń dáhùn ilé ńkọ́, ìyẹn kò sí ní Dùbáì.

"Ìwọ... ta ló sọ orúkọ mi fún ọ?"

Hafeez rò pé àṣírí ti tú, pé bàbá ti mọ ohùn òun. Ó fojú bolẹ̀.

"Gbogbo wa la mọ̀ yín, sà."

"Gbogbo ẹ̀yin ta ni?"

"Gbogbo àwa tá a wà níbí, sà."

"Yéè! Kí... kí lẹ fẹ́ lọ́wọ́ mi?"

Ìbéèrè tí Hafeez ti ń fi dígí kọ́ ìdáhùn rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ nìyí. Ó sọ ọ́ bó ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́, kò kólòlò rárá.

"Ọmọ yín ni, sà. Raheemah. Òun ni mo fẹ́ wá mú."

"Lá iláha illalláhù!"

"Òun náà ti gbà, sà! Àwa méjèèjì ti fẹnu kò!"

Gbàgà! Kí n tó ṣẹ́jú, Àlàájì ti gun mí. Ó gùn mí bí ọ̀pẹ. Apá kan lọ́rùn mi, ẹsẹ̀ kan ní ìbàdí mi, agbádá bò mí lórí pátápátá. Mi ò ríran, mi ò lè mí, igbe rẹ̀ ń ya wọ etí mi.

"Ẹ má mú ọmọ mi! Mo ti ronú pìwà dà! Dùbáì yẹn, mi ò débẹ̀ rí! Inú fóònù ni mo ti wò ó! Ti Ìbàdàn, ẹnu géètì ni mo ti padà! Ti Èkó, mọ́tò wa ló gba iwájú ẹ̀ kọjá! Mẹ́kà nìkan ni mo lọ lóòótọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ Mẹ́kà sílẹ̀ fún mi!"

Ẹ̀rín ń pa mí! Ẹ̀rín ń pa mí, bàbá sì ń fún mi lọ́rùn!

Pàá!

Iná dé.

Gbogbo ibẹ̀ mọ́ kedere. Pósí wa di pákó àpótí ọṣẹ. Àlàájì wà lẹ́yìn mi. Hafeez wà nílẹ̀, ìbòjú agbárí ti yí sí ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀, ojú rẹ̀ ti hàn síta.

Mo ń gbọ́ kìnnìún lókèèrè tó ń gba iná sára.

Àlàájì sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó gbọn agbádá. Ó tún fìlà dé.

"Abdulhafeez."

"Sà."

"Ìwọ ni Ọ̀gá Àgbà Ẹ̀ka Ìgbàlejò?"

Omi ti lé ròrò lójú ọmọ náà. Ó mọ̀ pé "Ilẹ̀kùn nìyẹn" ló kàn. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ má bínú, sà. Mo ń... mo ń gbàlejò."

"Hùn."

Àlàájì wo òkè. Ó wo ìsàlẹ̀. Ó fọ ọ̀nà ọ̀fun.

"Kí lo gbọ́ látẹnu mi níbí?"

Hafeez gbójú sókè. Ọmọ tó kàwé ni, mo ti sọ.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, sà. Kí lẹ̀yin rí, sà?"

"Ọ̀gá Àgbà ni mo rí."

"Ẹ ṣé, sà."

"Dìde. Bọ́ nǹkan yẹn sọ́hùn-ún. Kí àwọn ẹbí rẹ wá rí mi lọ́jọ́ Sọ́ńdè."

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. Mo ti ń gbọn eruku ara mi. Mo ní, "Sà, èmi tí ẹ gùn, mi ò tiẹ̀ sí níbí."

Bí a ṣe jáde, Raheemah dìde. "Bàbá, báwo ni?"

"Háà!" Àlàájì ti di ọkùnrin padà. "Ẹ̀ka Ìgbàlejò wọn múná dóko! Ti Dùbáì gan-an ò tó o!"

Ó gba ọ̀nà géètì lọ, ó ń yan. Mo fa Raheemah sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àánú ọmọ náà ṣe mí, irọ́ méjì lọ́tùn-ún lósì, kò sì mọ ọ̀kankan. Mo ní, "Àbúrò mi, fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kó o gbọ́ nípa Dùbáì bàbá rẹ."

"Ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ní àwọn wà ní Dùbáì yẹn?" Ó da gúgúrú tó kù sọ́wọ́. "Àǹtí Sodiqat, ilé ọ̀rẹ́ wọn ní Olúpọ̀nnà ni wọ́n sá pamọ́ sí. Èmi ni mo ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn."

Ẹnu mi là sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ Hafeez náà wá ńkọ́?"

Ó fi gúgúrú sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́.

"Télọ̀ ni mí, Àǹtí. Ta lẹ rò pé ó rán aṣọ òkú yẹn?"